Yíyan ìwé àti ohun èlò fún ọmọ kékeré tí a ń kọ́ nílé: ìbéèrè àwọn òbí ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń tún bi wá ṣáá nìyí, ní Lágéré o, ní Ẹnuwà o, lẹ́yìn ìsìn o. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án la ní lọ́kàn.

Ṣé kíkọ́ ọmọ nílé àti lẹ́sìnì, ọ̀kan náà ni?

Rárá o. Tíṣà lẹ́sìnì máa ń wá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe nílé ìwé ló ń tún ṣe. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé kò ní ilé ìwé kankan lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu ohun tí ọmọ á kọ́, ìgbà tí á kọ́ ọ, àti ìwé tí á fi kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìwé fi ń dà wọ́n láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé òfin gbà á?

Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ tó kárí gbogbo ọmọ, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ òun gba ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀, láti pírámárì títí dé JSS 3. Ẹni tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá tún dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, á san ₦2,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí oṣù méjì.

Ọmọ tí wọ́n gbé igbá ọjà lé lórí nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì ni òfin yìí ń lé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn yín kò lè rí inú yín. Ẹ tọ́jú ìwé tí ọmọ ti kọ iṣẹ́ sí, ẹ kọ déètì sí orí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ sí. Ẹ tún dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún wọn. Ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò lọ.

Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta wà nínú ọ̀rọ̀ sísọ, orin, àlọ́ àti ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ó bá yín bó ẹ̀gúsí, kí ó ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kí ó da omi láti inú ife kan sí òmíràn, kí ó fún aṣọ. Ọwọ́ tó lè bó ẹ̀gúsí láìfọ́ ọ kò ní pẹ́ di pẹ́ńsùlù mú.

Bí owó bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ ra ìwé àwòrán méjì mẹ́ta, ṣọ́ọ̀kì, kréyọ́nù, àti sísọ́ọ̀sì tí kò lẹ́nu ṣóńṣó. Ìwé tí ọmọ á máa fi pẹ́ńsùlù tọ ipa A títí dé Z, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà fún ọdún kan sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀?

Ọdún mẹ́fà ni ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fi sí ìbẹ̀rẹ̀ pírámárì. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀kọ́, ló ń kọ kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù. Ní 2025, wọ́n dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń kọ́ kù: ó di mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá fún pírámárì 1 sí 3, mẹ́wàá sí méjìlá fún 4 sí 6. Lára ti àwọn kékeré ni Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, èdè Nàìjíríà kan, sáyẹ́ǹsì, ìtàn Nàìjíríà, eré ìdárayá àti ìlera, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, àti iṣẹ́ ọnà.

Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ìwé kíkà. Kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ń sọ ibi tí ọmọ ń lọ, ìwé kàn ń sọ ọ̀nà tí ilé ìtẹ̀wé kan rò pé ó yẹ kí ó gbà débẹ̀ ni. Òbí tó ti ka ti àkọ́kọ́ lè ṣí ìwé mẹ́ta lọ́jà kí ó sì mọ èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ẹ má sì ṣe fi gbogbo iṣẹ́ mẹ́wàá síṣẹ́ lójoojúmọ́. Kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni ti ojoojúmọ́. Ìyókù lè máa gbà á fún ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá jókòó ti ìwé fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lówùúrọ̀ ti ṣe púpọ̀, nítorí kò sí ọmọ ọgbọ̀n mìíràn tó ń dá a dúró.

Èwo ló dára jù nínú ti Nàìjíríà, ti ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà?

Ti ìlú Ọba máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ kíkà, Year 1 wọn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Nínú ti Amẹ́ríkà, èyí tí a máa ń bá pàdé jù láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì níbí ni ACE (Accelerated Christian Education), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Ìwé pẹlẹbẹ 12 ni fún iṣẹ́ kan lọ́dún. Ọmọ á máa kà á fúnra rẹ̀, á ṣe ìdánwò, kí ó tó kan èyí tó kàn. Ó rọrùn fún òbí tí ọwọ́ rẹ̀ dí, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà dáadáa kò lè dá a ṣe, ọmọ tó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ á sùn lé e lórí.

Èrò tiwa ni pé kí ti Nàìjíríà jẹ́ òpó, kí ẹ yá ohun tó kù láti ibòmíràn. Ìwé ìṣirò Amẹ́ríkà á ní kí ọmọ ka sẹ́ǹtì àti dáìmù, bẹ́ẹ̀ náírà ló wà nínú àpò ìyá rẹ̀. Ìwé sáyẹ́ǹsì ìlú Ọba á ní ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún, ọmọ á wá máa wá yìnyín kiri ní Ifẹ̀, níbi tí òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ti ń ṣe tiwọn. Ọmọ lè kọ́ nípa yìnyín lọ́jọ́ kan. Kí ó kọ́kọ́ mọ òjò ná.

Mo fẹ́ràn Montessori, àmọ́ owó ohun èlò rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Ó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ṣí ilé ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù ní 1907 fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tálákà. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀nà rẹ̀ ni pé ọwọ́ ọmọ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ kí etí tó gbọ́. Igi tó ń dán kọ́ ni.

Lẹ́tà sáńpépà: ẹ ra sáńpépà kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin iṣẹ́ káfíńtà, ẹ gé lẹ́tà jáde lára rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ọmọ á máa fi ìka tọ̀ ọ́, á sì máa pe ohùn rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò: ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ sín mẹ́wàá sórí wáyà kan, mẹ́wàá irú rẹ̀ di ọgọ́rùn-ún. Ifẹ̀ tó ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn kò yẹ kó máa ra ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò láti òkè òkun. Bíbọ́ bọ́tìnnì, gbígbálẹ̀ àti fífọ abọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí a ó ní kí ẹ fowó rà ni tábìlì àti àga tí ẹsẹ̀ ọmọ kàn ilẹ̀ lórí rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kàn án.

Yorùbá ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ kàwé ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ìbéèrè tí wọ́n bi wá jù nìyí, ó sì yẹ kí ará Ifẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ní oṣù kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fún wọn lówó. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé ọmọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, kì í ṣe ní Fínlándì.

Ìjọba ti yí ọkàn padà lórí rẹ̀ léraléra. Ní 2022 wọ́n ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ pírámárì; ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ilé yín kò ní láti máa yí bí wọ́n ṣe ń yí.

Bí Yorùbá bá ni èdè ilé yín, ẹ fi í bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ju ohùn kan lọ, ọmọ tó bá mọ b, à àti á ti ka bàbá tán. Ẹ fi dò, re, mí kọ́ ọ ní àmì ohùn láti ọjọ́ kìíní. Tí ó bá ti ń ka gbólóhùn kúkúrú láìṣiyèméjì, ẹ mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Jolly Phonics, ètò tó ń fi ohùn lẹ́tà kọ́ ọmọ láti ka Gẹ̀ẹ́sì, tó sì wọ́pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, dára fún un: ohùn 42 ni, s, a, t, i, p, n ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọmọ ti máa ń kọsẹ̀ ni p, torí ti wa kì í ṣe tiwọn, àti e, torí ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń dún bí ẹ lẹ́nu wọn, ẹ̀ẹ̀kan bí í. Ẹ má kọ́ èdè méjèèjì lórí ìjókòó kan náà. Yorùbá lówùúrọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bí ọmọ bá jẹ́ ti ilé tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ láti kékeré, bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn ará kámpọ́ọ̀sì, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ kàwé. Kò sí ọmọ tó ń ka èdè tí kò gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ máa sọ Yorùbá sí i fún ọdún kan ná.

Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀ṣà la ń sọ nílé, Yorùbá inú ìwé sì yàtọ̀. Ṣé kò ní da ọmọ rú?

Kò ní dà á rú. Ọmọ tó ń pe ilé ní ulé nílé ìyá àgbà rẹ̀ ní Iléṣà á kà á bó ṣe wà nínú ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ kàn sọ fún un pé báyìí la ń sọ ọ́, báyìí la ń kọ ọ́. Ẹ má bá a wí nítorí èdè ìyá yín.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìwé Yorùbá tó dára kí n tó sanwó?

Ẹ ṣí i sí àárín, kì í ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ wo bóyá àmì wà nísàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ, àti bóyá àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀. Ìwé tí kò fi àmì sí i ń ní kí ọmọ méfò láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Àgbàlagbà lè méfò. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè ṣe é. Ẹ ka gbólóhùn kan sókè. Bí ó bá dún bí ẹni pé wọ́n ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ni, ẹ dá a padà.

Ìwé àtijọ́ tó bá ń kọ aiye, enia àti Oshogbo ti wà ṣáájú àtúnṣe àkọtọ́ 1974. Ìtàn inú wọn sábà máa ń dùn ju ti òde òní lọ. Ẹ máa kà á fún ọmọ létí, àmọ́ kí ó má fi kọ́ sípẹ́lì.

Kí ni ohun èlò ìṣirò tó tó fún ọdún méjì àkọ́kọ́?

Ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọmọ á kà, á pín, á ṣe ìlọ́po mẹ́rin, á sì fojú inú wo ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí kí ó tó gbọ́n ihò. Kò sí ìwé iṣẹ́ tó lè fún un ní gbogbo èyí nínú eré kan. Ẹ fi ìdérí ìgò, rúlà, òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn gàrí, àti owó náírà gidi kún un.

Kíkà Yorùbá náà ń ṣiṣẹ́ fún yín. Mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ń fi kún mẹ́wàá. Márùndínlógún sí mọ́kàndínlógún ń yọ kúrò nínú ogún. Ọmọ tó ń kà á ti ń ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò lẹ́nu. Lẹ́yìn ogún, ó máa ń wúwo fún ọmọ kékeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó máa kà á bí orin, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tó ń kọ sínú ìwé.

Ìtàn àti sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Ìwé wo ni kí n rà?

Fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́jọ, ẹ má ra ìkankan. Ẹ mú un lọ sí Òpá Ọ̀rànmíyàn. Ẹ mú un lọ sí míúsíọ̀mù tó wà létí ààfin ní Ẹnuwà, kí ẹ sọ fún un pé àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ló hú àwọn orí onídẹ jáde. Nígbà Ọlọ́jọ́, kí ó wo ohun tí ìwé ìtàn máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ. Ọmọ Èkó ń san owó mọ́tò kí ó tó rí nǹkan wọ̀nyí.

Fún sáyẹ́ǹsì, OAU, ìyẹn Yunifásítì Ifẹ̀, ní míúsíọ̀mù tirẹ̀ fún ẹranko, ewéko àti òkúta. Nílé, ẹ gbin ẹ̀wà sínú agolo. Ẹ gbé ìgò tó ní ìlà sí ìta, kí ọmọ máa kọ bí òjò ṣe tó sílẹ̀. Tó bá dé oṣù kẹjọ, á fi ojú ara rẹ̀ rí ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀.

Níbo ni kí n ti ra ìwé, báwo ni mo sì ṣe lè mọ ayédèrú?

Àwọn ìsọ̀ ìwé wà nínú ìlú àti nínú kámpọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá fẹ́ ra púpọ̀, ẹ kó owó jọ ní òbí mẹ́rin márùn-ún kí ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn: àwọn ilé ìtẹ̀wé University Press, Evans àti HEBN wà ní Jẹ́ríkò gbogbo wọn. Oṣù kẹsàn-án ni ọjà ìwé máa ń gbóná jù. Ẹ lọ ṣáájú rẹ̀.

Ayédèrú máa ń ní àwòrán tó ṣú, tàdáwà tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àti ojú ìwé tó fò. Ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé kí ẹ tó kúrò nísọ̀.

Wọ́n fi PDF ìwé odidi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde?

Bí ìwé náà bá wà lọ́jà, olè ni, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 kò sì fọwọ́ sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ẹ bá ṣírò owó fótókópì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìwé náà. Ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà: ìkànnì African Storybook ní ìtàn kéékèèké ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá wà lára wọn, wọ́n sì gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ kí ó sì pín in. Ẹ yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kò dọ́gba.

Ààpù orí fóònù ńkọ́?

Khan Academy Kids jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní ìpolówó, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́jọ ni wọ́n ṣe é fún. Ìṣẹ́jú ogún, kí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Iná àti dátà kò ní gbà fún yín.

Mo ní ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́jọ. Ṣé ìwé méjì méjì ni?

Fún kíkà àti ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni. Ìtàn, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà, ẹ kọ́ wọn pọ̀: ẹ̀gbọ́n á kọ gbólóhùn márùn-ún, àbúrò á ya àwòrán rẹ̀.

Mo ti ná owó gọbọi lórí ètò kan, ọmọ kò sì fẹ́ rí i sójú.

Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ìwé ló le ni, àbí àsìkò. Ẹ fi í pamọ́ fún oṣù kan àti ààbọ̀, kí ẹ máa fi àlọ́, ayò àti ìwé ìtàn kọ́ ọ, kí ẹ tún gbé e jáde. Bí kò bá ṣì gbà, ẹ lo èyí tó wúlò nínú rẹ̀, kí ẹ sì ta ìyókù fún òbí mìíràn. Kò sí òfin tó ní kí ẹ parí ìwé nítorí pé ẹ sanwó rẹ̀. Tíṣà gan-an kì í sábà parí ìwé.

Ìyá ọkọ mi ní mo fẹ́ ba ayé ọmọ òun jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà: àlọ́, oríkì, orúkọ ewé, orin ìṣirò àtijọ́. Ohun èlò tí owó kò lè rà ni màmá jẹ́. Kí ọmọ sì máa ka ìwé sí wọn létí ní alaalẹ́. Ọ̀pọ̀ màmá ló dákẹ́ ariwo lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ọmọ tó ń ka Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn Yorùbá fún wọn.

Ọmọ mi pé ọdún méje, kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Ṣé kí n yí ìwé padà?

Ẹ má tíì yí i. Ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta. Ẹ mú un lọ yẹ ojú àti etí wò. Ní Ifẹ̀ a ní ilé ìwòsàn ńlá OAUTHC, kò yẹ kí èyí ṣòro. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà pẹ̀lú bà, láìfi ìwé hàn án. Bí kò bá lè sọ ọ́, etí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà, orin àti eré ọ̀rọ̀ ló nílò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bóyá èdè tí ẹ fi ń kọ́ ọ ni èdè tó gbọ́ jù.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ wá onímọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé olódo ni.

Bí ó bá fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé ohun tí mo yàn báyìí kò ní dí i lọ́wọ́?

Ó lè dí i lọ́wọ́ bí ẹ bá jẹ́ kí ó pẹ́. Ìdánwò Common Entrance tí NECO, àjọ ìdánwò ìjọba, ń ṣe fún àwọn kọ́lẹ́jì ìjọba àpapọ̀ ní ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì, àti àwọn ìbéèrè ọgbọ́n orí tí ọmọ kò lè dédé mọ̀ bí kò bá rí irú rẹ̀ rí. Láti pírámárì 4 ni kí ẹ ti jẹ́ kí ìwé Nàìjíríà gba iwájú, bó ti wù kí ti òkè òkun dùn tó. Ní pírámárì 5, kí ó máa ṣe ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago.

Ìwé ẹ̀rí pírámárì ló máa ń há ọ̀pọ̀ òbí, torí ilé ìwé tí ìjọba mọ̀ ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un. Ẹ wá ilé ìwé kan tó máa gbà á ní ọdún tó kẹ́yìn, ó kéré tán, kí ẹ sì ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà ní pírámárì 4. Ẹ gbé àwọn ìwé iṣẹ́ tó ní déètì yẹn dání lọ.